Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú bátìrì wo ni kí n gbé sínú ọkọ̀ onígbòkun wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwòpin ni mo wà, létí ọ̀sà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ onígbòkun tòkunbọ̀ kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32. Ara rẹ̀ le, ìgbòkun ṣì dára, iná inú rẹ̀ ló ń kó ìrònú bá mi.

Bátìrì olómi méjì, 100Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) lọ́kọ̀ọ̀kan, ló wà níbẹ̀. Tá a bá ju ìdákọ̀ró, tá a tan fíríìjì àti iná orí òpó, wọ́n á ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná òpó yẹn kò sì ṣeé pa, torí àwọn apẹja ń kọjá lóru. Mo mọ̀ pé kò yẹ ká lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì, ó ń tètè bà wọ́n jẹ́.

Lithium ni mo fẹ́ fi pààrọ̀ wọn, pẹ̀lú sólà 200W. Ẹ̀gbọ́n mi ní lithium á fa iná lára alternator ẹ́ńjìnnì (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná) títí á fi jóná, òótọ́ ló sì sọ. Ṣé DC-DC charger 30A (ohun tó ń díwọ̀n iná tí bátìrì ń fà lára alternator) á gbà wá, àbí ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún sólà?

Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò rà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù? Iyọ̀ òkun kì í dá wáyà lásán sí.