Ẹ gbà mí o, fish finder mi ń kú lójú omi

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àlòkù London ni fish finder yìí, ẹ̀rọ tó ń fi ìsàlẹ̀ omi àti ẹja hàn èèyàn, owó gidi ni mo kó lé e, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé kò sóhun tó ṣe é. Nílé, ó ń tàn yòò. Kí n ṣáà gbé e dójú ọ̀sà, á tàn, á gbé àmì ilé-iṣẹ́ jáde, bó ṣe fẹ́ fi ìsàlẹ̀ omi hàn mí báyìí, ó ti kú. Àwọn tá a jọ ń pẹja ti wá sọ mí di aláwàdà. Mo pe ẹni tó tà á, kò gbé fóònù mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì: Bátìrì wo lò ń lò? Waya ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí! Bàbá mi ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ẹ̀rọ. Omi ló máa ń wò, ọ̀bọ̀kún á sì kún ọkọ̀ ẹ̀ dẹ́nu.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ìyá, omi ìgbà yẹn kọ́ lèyí. Bátìrì ò níṣòro, mo fi mítà wò ó, 12.6 fólítì ló gbé.

Captain K: Ra LiFePO4, irú bátìrì lithium kan. Ó fúyẹ́, fólítì ẹ̀ kì í tètè jábọ́. Asíìdì inú bátìrì dà sí mi lẹ́sẹ̀ rí, látìgbà náà mi ò gbé bátìrì alásíìdì wọ ọkọ̀ mọ́.

Bàbá Ìbejì: Captain, ta ló fẹ́ san owó ẹ̀? Ṣájà tiẹ̀ náà tún yàtọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, 12.6 yẹn, ṣé ẹ̀rọ wà ní títàn lórí ẹ̀ nígbà tó o wọ̀n ọ́n? Bátìrì tí ò ru nǹkan kan lè pa irọ́ fún mítà. 10 sí 20 fólítì ni wọ́n kọ sẹ́yìn fish finder tèmi. Tó bá ti wá sílẹ̀ ju 10 lọ, ó parí.

Captain K: Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń sanwó lithium. Ẹ̀yin ẹ máa ra asíìdì lọ́dọọdún.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Nílé, adápítọ̀ ara ògiri ni mo fi ń lò ó. Lójú omi, bátìrì fáànù méjì, 6 fólítì 6 fólítì, ni mo so tẹ̀ léra. Ọ̀kan wá látinú fáànù ìyá mi tó bàjẹ́, mo ra èkejì ní tuntun. Réwáyà àdúgbò ló ní kò séwu.

Bàbá Ìbejì: Háà! Ò bá ti tètè sọ. Tan ẹ̀rọ, kó o wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó kú. Ti fáànù ìyá ẹ yẹn ló ń fà á lulẹ̀. Ra bátìrì 12 fólítì kan ṣoṣo, 7Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́ nìyẹn), irú èyí tó ń wà nínú UPS kọ̀ǹpútà. Fi fíúsì 3 áńpù sí waya pupa, kó súnmọ́ ẹnu bátìrì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Mo ti wọ̀n ọ́n, sà. Ti ìyá mi gbé 6.1. Tuntun ló jábọ́ sí 3.8.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀ ń bú fáànù ìyá oníyàá!

Bàbá Ìbejì: Àpapọ̀ wọn ò tó 10. Wọ́n ta àlòkù fún ọ nìyẹn. 12 fólítì kan ṣoṣo ni mo ṣì sọ. Fíúsì ńkọ́?