Ọjọ́ ẹjọ́ mi bọ́ sí ìgbà tí n kò ní sí nílùú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbúrò Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá ni mò ń wá. Mo ra fíríìjì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £620. Ó di ọjọ́ 19 tó wọlé, ó dákẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, omi ti dá sísàlẹ̀, ẹran ewúrẹ́ ti rọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ń yọ fóòmù. Ọjọ́ kejì ni mo kọ ìmeèlì pé kí wọ́n wá gbé e, kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní mo kó ẹrù jù sínú rẹ̀ ni! Mo bá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní small claims, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, mo san £70. Ìwé County Court ti dé báyìí: ọjọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ 8 ni mò ń wọ bàálù lọ sí Ìbàdàn, ìyá mi ń ṣe ọjọ́ ìbí 80 ọdún. Ṣé mo lè jókòó sí Ìbàdàn kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò? Ṣé kí n rán àbúrò mi ọkùnrin lọ? Àbí kí n fi owó náà sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Fi kí ni sílẹ̀? Má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ni tèmi, n kò sì débẹ̀ rárá. Wá òfin tí wọ́n ń pè ní CPR 27.9, nínú ìlànà ilé ẹjọ́ ilẹ̀ England. Wàá kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ àti sí àwọn tó o pè lẹ́jọ́, ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, pé o kò ní lè wá, kí adájọ́ fi ohun tó o kọ sílẹ̀ dá a láìsí ìwọ níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí tó o fún ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ àwọn náà kó tó ku ọjọ́ méje, kó o sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà yẹn pé o ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ ẹjọ́ tèmi. Ìdájọ́ bá mi nílé nínú àpòòwé: wọ́n dá owó bẹ́ẹ̀dì padà, wọn kò fún mi ní ti táásì.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìwé kò lẹ́nu. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tí adájọ́ bá rí ẹnìkan ṣoṣo, ta lo rò pé ó máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Rán àbúrò rẹ lọ, kó wọ aṣọ tó dáa, kó ṣàlàyé.

Akọ̀wé Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àbùkù kan wà níbẹ̀. Ní small claims, ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, àfi kí adájọ́ dìídì yọ̀ǹda fún àbúrò náà. Ti lọ́yà yàtọ̀. Àbúrò lè lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá fojú ara rẹ̀ rí fíríìjì náà, kó kọ ẹ̀rí tirẹ̀ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ìyẹn wúlò ju aṣọ tó dáa lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí Ìyá Ìbejì kò sọ ọ́. Olùpẹjọ́ tí kò wá, tí kò sì kọ̀wé, adájọ́ lè wọ́gi lé ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè bẹ̀bẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tí ìdájọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pé kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, tó bá ní ìdí gidi tí kò fi wá, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà 27.9 kò ní ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa dá a lọ. Bó bá jẹ̀bi, kò lè padà wá sọ pé òun kò sí níbẹ̀.

Ará Leeds
Fídíò ni èmi lò, láti pálọ̀ mi. Mo tètè kọ̀wé béèrè, adájọ́ gbà (ó lè má gbà o), wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ sínú ìmeèlì. CVP ni wọ́n ń pè é, inú Chrome ló ń ṣí, kò sí áàpù tí èèyàn ń gbé sórí fóònù. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé mo ń pe adájọ́ ní "My Lord" bí àwọn lọ́yà ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Judge" tó. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìyá mi gbé tíì wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ má ṣe gba ohùn tàbí àwòrán ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀ o, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn yẹn ni wàhálà. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbà kí èèyàn jókòó sórí ilẹ̀ wọn máa jẹ́rìí sí ẹjọ́ ilẹ̀ ibòmíì, ìlànà kóòtù ibí sì sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ Foreign Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ná. Ìwọ kò ní àkókò ìyẹn. Má sì jókòó sí Bódìjà kó o sọ fún adájọ́ pé Salford nítòsí Manchester lo wà. Ká má tíì sọ ti iná mọ̀nàmọ́ná.

Bàbá Tísà
Kí ló dé tí kò kàn ní kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú? Fọ́ọ̀mù N244 ni, kó so ìwé bàálù mọ́ ọn. Ó lówó tiẹ̀ o. Adájọ́ sì lè bi í pé nígbà tó kọ fọ́ọ̀mù N180, níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ tí kò ní ráàyè, kí ló kọ síbẹ̀?

Àbúrò Manchester
Ẹ ṣé, sà. N kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo kọ N180, n kò kọ nǹkan kan. Mo rò pé lẹ́tà ni màá kọ. Màá fi kún un pé nígbà tí wọ́n bá wa ṣe ìlàjà lórí fóònù, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù fẹ́ fún mi ní £200. Tí wọn kò bá jẹ̀bi, kí ni wọ́n fẹ́ fowó bẹ̀ mí sí?

Akọ̀wé Kékeré
Pa ìyẹn rẹ́ kíá! Ohun tí ẹ bá sọ nínú ìlàjà kò gbọ́dọ̀ dé etí adájọ́, títí kan iye tí wọ́n fi lọ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà
A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn kan ṣì ń làjà. Ta ló fẹ́ bá ṣọ́ọ̀bù ṣọ̀rẹ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ìwé tèmi lẹ́nu o. Àbúrò, gbọ́ bó o ṣe máa kọ ọ́. Adájọ́ kò ní rí ẹ bi ní ìbéèrè, nítorí náà dáhùn kó tó béèrè. Fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó délé, ọjọ́ tó dákẹ́, ọjọ́ tó o kọ ìmeèlì. Ọjọ́ 20 lo kọ̀wé. Consumer Rights Act 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà, fún ẹ ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà, sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní o kó ẹrù jù: fọ́tò inú fíríìjì dà? Bí o kò bá fèsì sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan ló máa wà níwájú adájọ́. Wo ìwé ilé ẹjọ́ dáadáa, ó sábà máa ń ní kí ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀rí ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Má ka ọjọ́ méje yẹn dé góńgó. Fi ìmeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ lókè, kó o tún lọ sí Post Office, kí wọ́n fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí pé o fi ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Àbúrò Manchester
Fọ́tò wà, mà. Ìkòkò ọbẹ̀ kan, ẹran, wàrà àti ata lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo tún fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sínú rẹ̀, 14°C. Àbúrò mi ló bá mi gbé e wọlé, màá ní kó kọ tirẹ̀ lálẹ́ òní. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà
Ó dáa, mo gbà. Bá mi kí màmá. Fíríìjì ọ̀hún dà báyìí? Má jù ú nù o.

Àbúrò Manchester
Ó wà ní kọ́rídọ̀, sà. Bàtà la kó sínú rẹ̀.