Ṣé orin òde òní ti bàjẹ́ ju tàtijọ́ lọ ni? Ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀ nídìí iṣẹ́ yín

Baba Àwo

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀sùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé orin ti kúrú jù, kí ara tó wọ̀ ọ́, ó ti tán. Òótọ́ ni, ó kúrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òde òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Túndé King gbé jùjú sórí àwo ní 1936, àwo tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ló wà nígboro. Èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 10 kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Bí oríkì èèyàn mẹ́wàá bá wà lẹ́nu rẹ, àwo á tán mọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ wá wo I.K. Dáíró àti Blue Spots, tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń búra lónìí: orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ló pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn náà.

Àwo ńlá oníyípo 33, tó fẹ̀ ní íǹṣì 12, ló la ọ̀nà. Ojú kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti ráyè so orin mẹ́rin, márùn-ún pọ̀ láìdánu dúró. Fẹlá a máa fi odidi ojú kan kọ orin kan ṣoṣo. Ìdí wà tí wọn kì í fi í kọjá bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Bí orin bá ṣe ń gùn sí i lójú àwo ni ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ á máa fún pọ̀ sí i, ẹni tó ń gé àwo á sì ní láti dín ohùn kù, kó dín ìró ilẹ̀ kù pẹ̀lú, àìṣe bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ á máa fò. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo tí wọ́n ki ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n bọ̀ lójú kan á mọ bó ṣe máa ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì tún fi kún àyè: C60 gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, C90 gba márùndínláàádọ́ta. Fújì Barrister àti Kollington jẹ àǹfààní ẹ̀ dáadáa.

Fóònù ló kàn. Spotify, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí fóònù, kì í ka orin sí pé wọ́n gbọ́ ọ àfi tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, owó orin ìṣẹ́jú mẹ́fà ò sì ju ti oníṣẹ́jú méjì lọ. Kí ni ẹ rò pé olórin á ṣe? Á gé ìbẹ̀rẹ̀ orin dànù, á gbé ègbè síwájú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí, kó má fi àwo ogún ìṣẹ́jú wé orin fóònù. Kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta Dáíró wé ìṣẹ́jú mẹ́ta òde òní.

Ọmọ Àyàn

Baba, ẹ ṣeun, ẹ kú làákàyè. Èmi ò bá gígùn orin jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlù ò fèsì mọ́.

Nínú jùjú àti àpàlà, onígángan kì í lù kí ariwo ṣáà lè wà. Bí olórin bá ki ẹnì kan tán, gángan á gba oríkì náà, á tún un sọ, nígbà míì á fi òwe tí olórin ò rò tẹ́lẹ̀ lé e, olórin á gbọ́, á sì dáhùn. Ẹgbẹ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá ò lo gìtá rárá: àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àkúbà àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ó parí. Síbẹ̀ etí ẹni ò ní sú, torí ìjíròrò ló ń lọ níbẹ̀.

Lónìí, ẹni tó ń ṣe bíìtì á já ìró gángan ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sínú kọ̀ǹpútà, á ní kó máa yí po. Ẹlòmíì ló lù ú, níbòmíì, fún ọ̀rọ̀ míì. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á wá máa gbọ́ gbólóhùn kan náà ní ogójì ìgbà, tí kò kan ohun tí olórin ń sọ. Wọ́n tún lè gé e níbi tí kò yẹ, kó dà bí ẹni ń sọ pé "ẹ kú… ẹ kú… ẹ kú…" tí kò sọ ẹ kú kí ni. Tí wọ́n bá sì fi kọ̀ǹpútà gbé e sókè kó lè bá orin mu, ṣaworo á máa dún bí ìṣó nínú agolo.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é kò le. Ẹ gba ohùn olórin sílẹ̀ kí ẹ tó gba ti àyàn. Ẹ jẹ́ kó fi ìgbetí gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orin lẹ́ẹ̀kan láìlu nǹkan kan, kó wá lù ú já nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó mú èyí tó dáa jù. Kí máíkì jìnnà sí awọ tó ń lù ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́jọ sí méjìlá, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kọ̀ǹgọ́ ò ti ní gbá a, kó má sì kọjú sí ṣaworo. Kó gbé ìlù wọ yàrá ní ìdajì wákàtí ṣáájú, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù máa ń fa omi ara awọ bíi ti ọyẹ́: awọ á gan, ohùn òkè á há. Lásìkò òjò, òdìkejì ni, awọ á rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. Òòrùn díẹ̀ tó fún un. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó fi ìlù sọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó tún ọṣán fà.

Ẹni Sítúdíò

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àyàn, ibi tí ẹ fi parí yẹn ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó ń ṣe ìlù ń ṣe ẹnu náà.

Láti 1997 ni Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin ṣe, ti wà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fa ohùn tó yẹ̀ lọ sórí ohùn tó sún mọ́ ọn jù nínú orin. Fún èdè tí ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, kò ṣe nǹkan kan. Tiwa kọ́. Ẹ sọ "ìwé" jẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ pé wé yẹn ń gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ sọ "rárà", rà yẹn ń yọ̀ bọ́ láti òkè. Yíyọ̀ yẹn wà lára ohun tí etí ọmọ Yorùbá fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Tí ẹ bá gbé Retune Speed (bí ẹ̀rọ ṣe ń yára tún ohùn ṣe tó, 0 ló yára jù) sí 0, ẹ̀rọ á gé yíyọ̀ náà sí àtẹ̀gùn, á tẹ́ ohùn pẹrẹsẹ. Tí ohùn àárín àti tìsàlẹ̀ bá wá bọ́ sórí ohùn kan náà, "ọkọ̀ mi" á di "ọkọ mi" mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ gbé Retune Speed sí bí 30 sí 50, kí ẹ ṣí Humanize, tó ń jẹ́ kí ohùn dún bíi ti èèyàn, díẹ̀ fún àwọn ohùn tó bá gùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yọ̀, ẹ wọ inú àwòrán ohùn, kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí olórin ṣe kọ ọ́, kí ẹ tún kìkì ibi tó yẹ̀ ṣe. Ó lè gba wákàtí méjì fún orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un. Tí olórin bá fẹ́ 0 yẹn gan-an nítorí adùn ẹ̀, kò burú, ẹ lò ó lórí ègbè tàbí ibi tí kò sí ọ̀rọ̀. Ẹ má fi kan oríkì.

Ìkejì ni ariwo. Wọ́n ń tẹ orin òde òní mọ́lẹ̀ títí á fi dé -8 tàbí -7 LUFS (òṣùwọ̀n ariwo orin ni, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ariwo ṣe pọ̀ tó). Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, orí ìlù ni wọ́n ń gé: kọ̀ǹgọ́ tó yẹ kó ta péú á kàn dún gbì. Spotify àti YouTube yóò tún fa orin náà wálẹ̀ sí nǹkan bí -14, ariwo tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ba ìlù jẹ́ á sì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi orin tuntun wé àtijọ́ nílé, ẹ dín tuntun kù títí ohùn olórin méjèèjì á fi dọ́gba létí yín. Èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè jura lọ, òun ni etí máa ń sọ pé ó dáa, yálà ó dáa tàbí kò dáa.

Akọrin Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Auto-Tune ló kọ́kọ́ yí ohùn Yorùbá po. Láyé àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ti mú ohùn orin òyìnbó, tí wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lórí. Kódà tí ẹsẹ kìíní bá bá a mu, ohùn kan náà ni wọ́n á fi kọ ẹsẹ kẹrin, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, kọ̀wé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì fi hàn pé ó yẹ kí orin máa tọ ipa ohùn ọ̀rọ̀.

Àrùn yẹn náà ló wà nínú orin òde òní, ọ̀nà tó gbà wọlé nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu hùn ùn-ùn-ùn lórí bíìtì títí wọ́n á fi rí ohùn tó dùn, wọ́n á wá wá ọ̀rọ̀ tì í. Àwọn alápàlà, ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá ń kọ orin, kó pe ọ̀rọ̀ ẹ̀ ketekete lẹ́nu lásán ní ìgbà mẹ́ta, kó gbọ́ ibi tó ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni kí ohùn orin gbà.

Àbúrò Elégbè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ẹ ò tíì sọ ohun tó dáa sí i. Ègbè ti padà dé. Nínú orin Asake, ohùn púpọ̀ ló ń gbè é bíi ti fújì, lórí ìlù amapiano tó ti South Africa wá. Láti ṣe irú ẹ̀, èèyàn mẹ́rin á gba ègbè kan náà nígbà mẹ́fà, wọ́n á máa pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí iwájú máíkì, àwọn kan sún mọ́ ọn, àwọn kan lọ sẹ́yìn. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbà á nígbà mẹ́rìnlélógún, kì í dún bí èrò, ẹnì kan náà ni etí á máa gbọ́. Ìró ilẹ̀ náà ti kún, ó mọ́, tí kò jọ tàwọn àwo àtijọ́.

Ẹ tún wo àwọn obìnrin. Bàtílì Àlàké àti Sàláwà Àbẹ̀ní di wákà mú dáadáa, àmọ́ nínú jùjú, ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gba iwájú máíkì tán. Lónìí, Tiwa Savage, Tems àti Ayra Starr ń lé orin tiwọn fúnra wọn.

Baba Àwo

Àbúrò, mo gbà. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, torí ó ń ba ẹjọ́ jẹ́ ní ìhà méjèèjì: ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sáré bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ̀ ti dẹ̀ á máa wọ́, orin á lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọn ò tún yípo ẹ̀ ṣe á sáré jù. Tó bá fi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún sáré jù, orin á ti gòkè ní odindi ìdajì ohùn kan, olórin á máa dún bí ọmọdé, ìlù á há. Àwọn tó ń sọ pé olórin kan ní ohùn tín-ín-rín, ẹ̀dà tó sáré ni òmíì nínú wọn gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé àwo sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi omi tí wọ́n ti sè kó oru ẹ̀ jọ fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Fún àwo ńlá oníyípo 33, kí ìwúwo abẹ́rẹ́ lórí àwo jẹ́ bíi gíráàmù méjì. Tó bá fúyẹ́ jù, á máa fò, á sì máa ha ipa àwo. Ẹ gbà á ní 24 bit, kí ẹ má tíì fọ ariwo ẹ̀ kúrò, ẹ pa ẹ̀dà tútù yẹn mọ́ lọ́tọ̀. Láti mọ̀ bóyá ó sáré, ẹ wá kíkùn iná nísàlẹ̀ orin. Iná wa máa ń kùn ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí èyí tí sítúdíò fi sílẹ̀ nínú orin bá wà ní 52, ẹ̀dà náà ti fi ìdá mẹ́rin sáré jù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú àwo: tí kíkùn náà bá ṣì wà, ti ẹ̀rọ yín ni, kì í ṣe ti sítúdíò.