Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣọ́ odò ní Vietnam, ẹ sọ tiyín fún mi

Àbúrò Mẹkáníìkì:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi wá. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni, mẹkáníìkì lórí ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ odò, tí wọ́n ń pè ní PBR. Ní 1968 ni wọ́n pa á nínú ogun Vietnam, ní agbègbè odò Mekong. Mo ṣì kéré. Bó ṣe kú, wọ́n sọ fún wa. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ. Lẹ́tà tó ń kọ sílé kò kọjá ẹ̀fọn, òjò àti ìgbà tó máa gba ìsinmi. Ó dá mi lójú pé nítorí màmá wa ló ṣe ń fọ̀rọ̀ pa mọ́. Ẹni tó bá ti wà lórí irú ọkọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ayìnbọn Iwájú:
Àbúrò, mi ò mọ ẹ̀gbọ́n ẹ. Mỹ Tho, ìlú kan létí odò Mekong, lèmi wà. Àmọ́ mo mọ iṣẹ́ ẹ̀, torí pé mẹkáníìkì tiwa náà ò bá wa padà.

Jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí ná. Kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 31 lọ, àwa mẹ́rin là ń wà nínú ẹ̀. Fáíbà ni ara ẹ̀. Àwọn tó kàn án ní Bellingham, ní ìpínlẹ̀ Washington, ọkọ̀ afẹ́ ni wọ́n ń kàn tẹ́lẹ̀, òun náà ni wọ́n wò ṣe tiwa. Ọta ìbọn á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Eré la gbọ́kàn lé. Kò ní fáànù lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ mìíràn: ẹ́ńjìnnì onídísù méjì ló ń fa omi wọlé, tó sì ń tú u jáde ní ìdí ọkọ̀ tagbáratagbára. Ìdí nìyẹn tó fi ń rìn níbi tómi ò ti jìn rárá.

Koríko ni wàhálà ibẹ̀. Odò yẹn kún fún ewé tó ń léfòó. Ẹ́ńjìnnì á fà á mọ́ omi, ihò á dí, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mẹkáníìkì ló máa yanjú ẹ̀. Á ṣí ìdérí, á dọ̀bálẹ̀, á ki apá bọ ihò yẹn dé èjìká, á máa fa koríko jáde ní ìdì-ìdì, gbogbo ẹ̀ á ti lọ́ mọ́ra bí irun tí kò rí òòyà. Àwa yòókù á dojú ìbọn kọ etí odò, ẹnikẹ́ni ò ní fọhùn. Òun nìkan lá máa bú koríko, á bú ìyá koríko, a ó sì máa rẹ́rìn-ín sínú.

Lójú mọmọ, àwọn sampan, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ ń wà, là ń dá dúró. A ó wo ìwé ìdánimọ̀, a ó wo abẹ́ ìrẹsì àti ẹja bóyá ìbọn wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà kan àti ọmọọmọ ẹ̀ ni, wọ́n ń lọ sọ́jà. Ojú wọn kì í dùn sí wa, mi ò sì lè bá wọn wí. Tílẹ̀ bá ti ṣú, òfin kónílé-ó-gbélé dé nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá tún ń rìn, ọ̀tá la kà á sí. PBR méjì-méjì la máa ń jáde. A ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó jẹ́ kómi máa gbé wa lọ.

Inú ẹ̀ka odò tóóró kan ni àwọn ọ̀tá ti ká wa mọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde láti inú ọ̀pẹ etí omi. Mẹkáníìkì wa ì bá dọ̀bálẹ̀, àyè wà. Ìbọn àárín ló gbá mú, ó sì ń yìn ín títí a fi jáde níbẹ̀. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí i pé ó ti jókòó sílẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n tìẹ, mi ò lè sọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ wọn bá ń sáré, òun ló mú un sáré.

Àbúrò Mẹkáníìkì:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá bú koríko yẹn, á jẹ́ pé kì í ṣe òun.

Ọmọ Massachusetts:
Ẹ má gbàgbé David Ouellet, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, o. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1967, lórí PBR 124 ní odò Mekong, ó rí bọ́ǹbù àfọwọ́jù tó ń bọ̀. Ó kúrò níwájú ọkọ̀ níbi tó ti ní ààbò díẹ̀, ó pariwo, ó ti ọ̀gá ọkọ̀ ṣubú, ó sì fara dí àárín bọ́ǹbù náà àtàwọn yòókù. Ẹni ọdún 22 ni. Wọ́n fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ akọni tó ga jù lọ fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ikú, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun kan, USS Ouellet. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn fún Thailand, wọ́n sì yí orúkọ padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo mọ̀. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Ọmọ Ọ̀gá Ọkọ̀:
Bàbá tèmi darí PBR, ó sì padà wálé. Jẹjẹrẹ ló pa á nígbẹ̀yìn, Agent Orange, oògùn olóró tí wọ́n fi ń pa igi etí odò, la sì fura sí. Ọ̀gágun Zumwalt, olórí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Vietnam, ló ní kí wọ́n fọ́n ọn kí ọ̀tá má ráyè ba. Ọmọ tiẹ̀ gan-an, tó darí ọkọ̀ ìṣọ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Swift níbẹ̀, jẹjẹrẹ ló pa á ní 1988. Wọn kì í kọ orúkọ irú àwọn wọ̀nyẹn sára Ògiri ìrántí àwọn tó kú nínú ogun Vietnam, tó wà ní Washington, D.C.

Ti ẹ̀gbọ́n yín máa wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ wá a nínú ìwé atọ́ka, kẹ́ ẹ mọ pátákó òkúta àti ìlà tó wà, torí ọjọ́ ikú ni wọ́n fi to orúkọ, kì í ṣe a-b-d. Ẹ wo àwọn orúkọ tó yí i ká náà dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ẹ mú pépà àti pẹ́ńsù dání, kẹ́ ẹ lè gbé pépà lé orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́ńsù kùn ún kó lè hàn lórí pépà.