Abẹ́rẹ́ inú ìdọ̀tí gún àbúrò mi: ẹ ràn wá lọ́wọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdọ̀tí ni àbúrò mi ń kó kiri Tákìé. Láàárọ̀ àná ló gbé náílọ́ọ̀nù kan, ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò bá gún un ní àtàǹpàkò gba inú ìbọ̀wọ́. Ó ti fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Kí wákàtí 72 tó pé ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV, ọjọ́ 28 ni yóò sì fi lò ó. Ilé ìwòsàn ìjọba wo ló ń fúnni lópin ọ̀sẹ̀? Ṣé wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ kan tó ń ràn, kí wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ níbẹ̀? (Ẹ̀yin tó ń lo sírínjì nílé, ẹ dákun, inú agolo líle ni kí ẹ máa jù ú sí.) Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀wọ́ aláwọ tó nípọn?