Ètò wo ni a lè ṣe fún ìyá tí iyè wọn ti ń rá?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń bá wa gbé ní Àjàṣẹ́. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ìgbàgbé wọn ti ju ti ọjọ́ orí lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di ṣíṣarán. Wọ́n ṣì ń dá sè, wọ́n sì ń dá ná ọjà. Síbẹ̀ wọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí omi ẹ̀kọ tó hó. Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ, eré ìdárayá àti ìṣe ojoojúmọ́ tí ó lè dáàbò bo iyè wọn. Kí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kétu
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó dórí oúnjẹ. Ìwádìí SPRINT MIND, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, tẹ̀lé àwọn tó lé ní 9,000 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Irú ìgbàgbé yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ kí òǹkà òkè nínú kíka ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà lábẹ́ 120 tó ti àwọn tí wọ́n fẹ́ kó wà lábẹ́ 140. Ẹ má tìtorí èyí fi kún oògùn ìyá fúnra yín o, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ àgbà bá lọ sílẹ̀ jù, òòyì lè kọ́ wọn kí wọ́n ṣubú. Ẹ ní kí dókítà yẹ ìtọ̀ ṣúgà àti fítámì B12 wò pẹ̀lú, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ìyá ń lò lọ bá a, títí kan èyí tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí àwọn oògùn oorun àti ti ara yíyún kan máa ń da iyè àgbà rú.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Mo gbè sẹ́yìn nọ́ọ̀sì wa. Ètò tí mo rí pé ó kún jù ni FINGER ti orílẹ̀-èdè Finland, tí Miia Kivipelto darí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Àwọn 1,260 ẹni ọdún 60 sí 77 ni wọ́n tẹ̀lé fún ọdún méjì. Wọ́n pa oúnjẹ, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọpọlọ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ fún ìdajì wọn, iyè àwọn wọ̀nyí sì já gaara ju ti àwọn yòókù tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn. Àmọ́ o, àwọn tí ewu ìgbàgbé ń bẹ fún ni wọ́n, wọn kò tíì rí bíi ìyá. Fún irú àwọn ìyá gan-an, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ọdún 2018, wọn kò sì rí oògùn kankan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ jẹ́ kí ìyá máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà pẹ̀lú ẹnìkan ní ìdájí, kí ìrìn náà yá débi pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n wọn kò lè kọrin. Kí wọ́n tún máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kí ẹsẹ̀ wọn lè lágbára.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá nítorí àánú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣírò owó ọjà, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì ìdílé, kí àwọn náà sì máa kọ́ ohun tuntun. Níbí, àwọn àgbà tó ń kó orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ máa ń tún un pè fún ara wọn títí yóò fi dúró. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ wù mí fún wọn ju kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ní ti oúnjẹ, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀ ti tó. Ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Etí wọn tún ti wúwo díẹ̀. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì Kétu
Ó kàn án gidigidi, nítorí ẹni tí kò gbọ́ràn kì í lè rántí ohun tí wọ́n sọ fún un. Nínú ìwádìí ACHIEVE ti ọdún 2023, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò mú ìyàtọ̀ wá fún àwọn arúgbó tí ara wọn le, ṣùgbọ́n fún àwọn tí ewu ìgbàgbé wọn pọ̀, ó dín bí iyè ṣe ń jó rẹ̀yìn kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún mẹ́ta. Kí ẹ tó náwó lórí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo inú etí náà ní ilé ìwòsàn, nítorí ìdọ̀tí etí nìkan lè dí i.