Aṣínà ni, kì í ṣe aṣìnà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣómólú kọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà, tó fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣí ímeèlì sórí fóònù. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí wọn. Àmọ́ n ò lè dákẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ní kí ìyá “yan ọ̀rọ̀ aṣìnà”, ìyẹn password tí wọ́n máa fi ṣí ímeèlì.

Aṣìnà kẹ̀? Ta ló ṣìnà? Ṣí ọ̀nà ló bí aṣínà, ṣì ọ̀nà ló bí aṣìnà. Ẹ̀gbọ́n, ohùn òkè kan péré lẹ gbé sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń lànà wá di ẹni tó sọnù. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ló fa àṣìṣe náà. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló fàmì sí i, ọwọ́ yín ni. Ẹlòmíì tún ní ká kúkú yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, pé òǹkàwé á mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń rí ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, kí ló fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Ẹ wo iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Nínú àdírẹ́sì Gmail, ímeèlì ti Google, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, ẹ fi kékeré kọ ọ́, ibì kan náà ló ń lọ. Nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, tí kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8, ẹ sọ lẹ́tà kékeré kan di ńlá, kò ní ṣí. Ohun tó gba ìṣọ́ra tó báyìí la wá fi orúkọ aṣìnà pè!

“Àrokò ayélujára” tí wọ́n pe ímeèlì, n ò gbà á. Owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn la fi ń pàrokò láyé àtijọ́, kì í ṣe lẹ́tà. A ò sì lè pè é ní àtẹ̀jíṣẹ́, ìyẹn ti di ti ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ímeèlì ni gbogbo Èkó ń pè é, ẹ fi í bẹ́ẹ̀.

@, àmì tó wà láàárín àdírẹ́sì ímeèlì, ló yẹ ká wá orúkọ fún, wọ́n sì pè é ní “a onírù”. Ní 1971, Ray Tomlinson ará Amẹ́ríkà lò ó láti ya orúkọ èèyàn kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tí onítọ̀hún wà. Lágbájá ní ibi báyìí. “Ní” la máa pè é, ìyá á sì kà á jáde láìkọsẹ̀.

Wọn ò tiẹ̀ sọ fún ìyá pé nọ́ńbà tí Google bá fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀ láti mọ̀ pé òun gan-an ni, kò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni gbájúẹ̀ ń dúró dè.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ará Ìsàlẹ̀ Èkó ò lè kọ́ni ní ohùn. Ìyá ìyá mi ò mọ̀wé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó bá ṣi ohùn pè níwájú ẹ̀, á tún un pè kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Oyè yunifásítì yín ò kàn án. Ẹ ṣì jẹ mí ní èsì lórí ìyẹn. Ní báyìí ná, ẹ má tíì pín ìwé náà, ẹ tún un tẹ̀.